Ọjọ́ Tí Wọ́n Sin Ìyàwó William

Lọ́jọ́ tí Gervase Clewlow wá sọ fún àǹtí mi pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé inú ilé rẹ̀ mọ́, tíì ló kọ́kọ́ béèrè. Ó mu ún tán, ó jẹ kéèkì lé e, ó nu ẹnu rẹ̀ nù dáadáa, kó tó wá la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Bó bá fẹ́ bẹ́ ọ lórí, yóò kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ọrùn rẹ.

"Àǹtí Lavinia, ẹ má bínú sí mi o," ló wí. "Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́. Ìwé ló sọ ọ́."

"Ìwé wo, Gervase?" ni àǹtí mi bi í.

Ó yọ bébà ńlá kan nínú àpò kóòtù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sáàárín àwọn ife tíì. Mo sún mọ́ ọn. Orúkọ àwa Clewlow ló kún inú rẹ̀ láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún oníkálukú, ọjọ́ tó ṣègbéyàwó, àti ọjọ́ tí wọ́n sin ín. Lọ́yà ìgbìmọ̀ ilé náà, Ọ̀gbẹ́ni Tapley, ló tò ó.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilé tí à ń jà lé lórí. Ilé kéékèèké mẹ́fà ni, wọ́n so mọ́ra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Hollinsley. Baba ńlá wa Josiah Clewlow, ẹni tó rí towó ṣe nídìí òwò irun àgùntàn, ló kọ́ wọn fún àwọn arúgbó tí kò ní ibi tí wọn yóò forí pa mọ́ sí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé ẹni tí wọ́n bí sínú agbègbè ìjọ Hollinsley lè gbé ibẹ̀. Ẹlòmíì tó tún lè gbé ibẹ̀ ni ẹni tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ òun gan-an, tí a bí nínú ìgbéyàwó tó bófin mu. Ó tún ní ọ̀kan nínú ẹ̀jẹ̀ òun yìí ni kó máa ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé náà, ìdí nìyẹn tí Gervase fi ń ṣe alága. Àǹtí mi ní tirẹ̀, ìlú Leek ni wọ́n ti bí i, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìhunṣọ síliki. Ẹ̀jẹ̀ Josiah tó jẹ́ nìkan ló fún un ní yàrá méjì yẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá já, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí ìjọba ń bójú tó ní Stoke ló kù, níbi tí wọ́n ń to bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin sínú yàrá kan. Kò bímọ. Èmi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bí ni ọmọ rẹ̀, yàrá kan péré ni èmi náà sì ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì.

Gervase fi ìka lé bébà náà. "William rèé, ọmọ kan ṣoṣo tí Josiah bí. Ìyàwó àkọ́kọ́ tó fẹ́ ni Ann, ìyẹn kú láìbímọ. Ó wá fẹ́ Sarah. Sarah bí Thomas, baba ńlá tèmi. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Sarah tún bí John, baba ńlá tiyín. Ẹ wá wo ibí yìí. Oṣù Fẹ́búárì 1727 ni wọ́n sin William. Oṣù Disẹ́ḿbà 1727 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún John. Ọmọ kì í sì í lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láyé nígbà yẹn kí wọ́n tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá mi ka oṣù tó wà láàárín."

Mo kà á lọ́kàn. Oṣù mẹ́wàá ni.

"Òkú ò lè fún obìnrin lóyún, Àǹtí," ni Gervase wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

"Gervase," ni mo wí, "ṣé ọmọ àlè lo ń pe baba ńlá wa, tí kéèkì wa ò tíì dé ìsàlẹ̀ ikùn rẹ?"

"Enid, má gbé ohùn sókè sí mi. Èmi kì í ṣe ọmọ iléèwé rẹ. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ni ìpàdé ìgbìmọ̀, Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, á wà níbẹ̀, lọ́yà á wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹnu, kó wá fi sọ̀rọ̀."

"Ṣé torí kí o lè ta ilé yìí fún àwọn ará Manchester tí ń wá gbafẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ ni?"

Àǹtí mi ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Gervase, gbé kéèkì kan dání fún ìyàwó rẹ." Ó sì bá a dì í sínú bébà. Kò bínú rárá, ìyẹn gan-an ló sì múnú bí mi jù lọ. Láti kékeré mi ni obìnrin yìí ti ń fi sùúrù rẹ̀ dá mi lágara.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, tí ìpàdé ku ọ̀la, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ìpínlẹ̀ wa sí. Ìṣirò ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ, mo sì mọ̀ pé oṣù mẹ́wàá kò ní di mẹ́sàn-án nítorí pé inú ń bí mi. Ohun tí mò ń wá ni àṣìṣe. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnì kan ṣi ọdún kan kọ ni. Mo ń gbàdúrà fún un nínú bọ́ọ̀sì, èmi tí n kì í gbàdúrà.

Obìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀, Ìyáàfin Beswick, gba báàgì mi, ó tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gba bírò mi, ó fún mi ní pẹ́ńsù. Ó tún wo ẹnu mi.

"Kí lẹ̀ ń jẹ?"

"Mínǹtì ni."

"Ẹ lọ tu ú dànù. Àwọn ìwé mi ti dàgbà ju èmi àti ẹ̀yin pa pọ̀ lọ, wọn ò nílò mínǹtì."

Mo tu ú dànù, mo padà wá, mo fi bébà Tapley hàn án. Ó kà á, ó yínmú.

"Ọ̀gbẹ́ni yìí ò dé ibí. Èmi ni mo ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ẹ̀dà tí wọ́n taipù ló lò, èyí tí ẹgbẹ́ onítàn Hollinsley ṣe. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe o, mi ò bú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi orúkọ ìdílé to gbogbo rẹ̀, wọ́n sì to ọdún kọ̀ọ̀kan láti Jánúárì dé Disẹ́ḿbà. Ẹ jẹ́ kí n gbé ìwé gan-an wá."

Méjì ló gbé wá, nítorí pé ìjọ méjì ló wà lórí bébà Tapley: ti Hollinsley wa, àti ti Cotterhulme, abúlé kejì, níbi tí wọ́n sin Ann ìyàwó àkọ́kọ́ sí. Ó tẹ́ ti Hollinsley sórí ìrọ̀rí bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun, ó ní kí n má fi ọwọ́ lé yíǹkì rẹ̀. Ìwé náà kéré ju bí mo ṣe rò lọ. Ìkọ̀wé àlùfáà ìgbà náà kò ṣeé kà. Ìrìbọmi, ìgbéyàwó, ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ ló kọ mọ́ra wọn bí wọ́n ṣe ń ṣẹlẹ̀. Oòrùn ti ń kúrò lójú fèrèsé kí ojú mi tó mọ́ irú S tó máa ń kọ.

Nígbà tó yá, mo rí i. Oṣù Disẹ́ḿbà 1727: "John, ọmọ William Clewlow àti Sarah." Kò sí "olóògbé" níwájú orúkọ William. Mo bọ́ sísàlẹ̀. Ohun tó tẹ̀ lé e ni Jánúárì 1727. Lẹ́yìn náà, Fẹ́búárì 1727, ìsìnkú William Clewlow.

Mo wo ojú ewé yẹn lọ, mo wò ó bọ̀.

"Ìyáàfin Beswick," ni mo pè, "àfàìmọ̀ kí àlùfáà yìí má ti mutí. Ó kọ Disẹ́ḿbà 1727 tán, ló bá tún padà sí Jánúárì 1727."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan, ó jókòó tì mí.

"Kò mutí. Nígbà yẹn, ọdún tuntun kì í bẹ̀rẹ̀ ní Jánúárì nílẹ̀ England níbí. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Máàṣì ló ń bẹ̀rẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n kọ eléyìí kí ìjọba tó yí i padà. Nítorí náà, Jánúárì, Fẹ́búárì, àti Máàṣì títí di ọjọ́ kẹrìnlélógún, ìparí ọdún ni wọ́n wà. Fẹ́búárì 1727 tiwọn, ohun tí àwa ń pè ní Fẹ́búárì 1728 ni. Àwọn ẹlòmíì máa ń gbàgbé tí wọ́n bá ń lo ẹ̀dà tí wọ́n taipù. Ó ti tú ìdílé púpọ̀ ká."

Mo gbá tábìlì mọ́ra. Mo fẹ́ gbá obìnrin náà mọ́ra ni, ṣùgbọ́n kò jọ ẹni tí wọ́n ń gbá mọ́ra. William wà láàyè! Ó wà láàyè nígbà tí wọ́n bí John, oṣù méjì lẹ́yìn ìrìbọmi ọmọ rẹ̀ ló tó kú. Mo da gbogbo rẹ̀ kọ pẹ̀lú pẹ́ńsù. Mo ti ń rí ojú Gervase lọ́kàn mi, mo sì ń gbádùn rẹ̀.

Ìwé Cotterhulme ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N kò nílò rẹ̀. Ká ní mo ti dìde lọ ni, ì bá sàn fún mi. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò kì í fi ìlà kan sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Mo ṣí i. Bébà Tapley sọ pé oṣù Máàṣì 1725 ni wọ́n sin Ann, àti pé oṣù Méè 1725 ni William gbé Sarah níyàwó ní ìlú Stafford, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Oṣù méjì péré ló wà láàárín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ohun tí mo sọ ni pé ọkùnrin náà kò lójútì rárá, kò tilẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ibojì gbẹ.

Mo rí i nínú ìwé gan-an. "Oṣù Máàṣì 1725, ọjọ́ kẹwàá. Ann, ìyàwó William Clewlow ti Hollinsley, láti ilé bàbá rẹ̀."

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Máàṣì. Kò tíì pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Máàṣì yẹn kò ṣíwájú Méè 1725. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà, ìparí ọdún ni, Máàṣì 1726 tiwa. Nígbà tí William dúró ní Stafford tó ń bá Sarah jẹ́jẹ̀ẹ́, Ann ìyàwó rẹ̀ wà láàyè nílé bàbá rẹ̀ ní Cotterhulme. Ó tún lo oṣù mẹ́wàá sí i láyé. Ìgbéyàwó Sarah kò bófin mu. Ọmọ àlè ni John. Thomas náà, baba ńlá tí Gervase fi ń ṣe fáàrí, ọmọ àlè lòun náà.

Òfin kan náà tó dá John padà fún wa ló tún gbà á lọ. Bí mo bá sọ ìdajì, tí mo sì pa ìdajì mọ́, àǹtí mi á sùn nínú ilé rẹ̀ títí yóò fi kú. Bí ẹnikẹ́ni nínú yàrá ìpàdé bá ka oṣù síwájú díẹ̀, ó di Stoke.

"Ẹ rí ohun tí ẹ ń wá?" ni Ìyáàfin Beswick béèrè, ó ti ń pa iná apá kejì yàrá.

"Mo rí i," ni mo wí. "Ẹ ṣeun." N kò da ti Cotterhulme kọ.

Nígbà tí mo dé Hollinsley, àǹtí mi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ìwé ìròyìn wé àwọn àwo rẹ̀ sínú páálí. Kò tilẹ̀ dúró dè mí. Mo sọ fún un nípa Disẹ́ḿbà àti Fẹ́búárì, mo fi kàlẹ́ńdà ara ògiri ṣàlàyé fún un títí ó fi yé e. Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún.

"Ó dá ọ lójú, Enid?"

"Mo fi ojú ara mi rí i, Àǹtí."

"Kò ku nǹkan kan mọ́?"

"Kí ló tún fẹ́ kù?" ni mo wí. Ìkòkò tíì ni mo kọjú sí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn àwo náà, ó ń tò wọ́n padà sórí pẹpẹ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rọra kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì. N kò lè máa wò ó. Mo ní orí ń fọ́ mi, mo lọ jókòó níta.

Àwa márùn-ún la wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì: Gervase lórí àga alága, Lọ́yà Tapley lọ́tùn-ún rẹ̀, Fíkà Nield lósì, èmi àti àǹtí mi níwájú wọn. Àǹtí mi wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú. Mo dìde, mo sọ tẹnu mi. Mo fi pẹ́ńsù ya ọdún kan sórí bébà, mo fi hàn wọ́n ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti ń parí.

Fíkà gbá iwájú orí rẹ̀. "Áà! Wọ́n kọ́ mi léyìí ní yunifásítì! Tapley, báwo la ṣe gbàgbé?"

Ojú ti Tapley. "Mo lo ẹ̀dà tí wọ́n fún mi," ló wí. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ó tọ̀nà. Ọmọ William ni John. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mìsì Clewlow."

Àǹtí mi mi orí sí i tìfẹ́tìfẹ́. Ọkàn mi ti ń balẹ̀. Mo ti ń fa kóòtù mi mọ́ra.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti rú sí Gervase lórí. Kò fẹ́ kí n fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ níwájú Fíkà.

"Ẹ dúró," ló wí. "Kò sẹ́ni tó ń mú ọjọ́ kan tó wù ú, kó fi èyí tí kò wù ú sílẹ̀. Bí ẹ bá máa sún ọ̀kan, ẹ sún gbogbo rẹ̀. Fíkà, ẹ mú pẹ́ńsù. Ẹ bá wa tún gbogbo ọjọ́ tó wà lórí bébà yìí ṣe láti òkè. Mo mọ̀ pé ohun kan á já síbì kan."

"Gervase," ni mo wí, "fi mọ síbẹ̀."

"Họ́wù! Ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ gbọ́! Tíṣà ń bẹ̀rù ìṣirò!" Ó rẹ́rìn-ín, ó yí sí Fíkà. "Ẹ máa kà á síta kí gbogbo wa gbọ́."

Mo wo Fíkà pé bóyá ojú wa á ṣe mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó ti tẹ orí ba bébà, inú rẹ̀ ń dùn sí iṣẹ́ náà bí ọmọdé. Ó kà á láti orí Josiah. Oṣù Júlàì, kò yí padà. William, ìrìbọmi, oṣù Ọ̀kùtọ́bà, kò yí padà. Mo di ọwọ́ àga mú. Àǹtí mi fi ọwọ́ rẹ̀ lé tèmi, ó rò pé òtútù ló ń mú mi.

"Ann, ìyàwó àkọ́kọ́," ni Fíkà wí. "Ìsìnkú, Cotterhulme, ọjọ́ kẹwàá oṣù Máàṣì 1725. Kò tíì pé kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, a jẹ́ pé a máa sún un. Ó di Máàṣì 1726. Ìgbéyàwó William àti Sarah, oṣù Méè 1725, kò yí pa..."

Pẹ́ńsù rẹ̀ dúró sójú kan.

"Kò yí padà, lẹ́yìn náà ńkọ́?" ni Gervase wí. "Ẹ máa bá a lọ."

Fíkà kò bá a lọ. Ó sún bébà náà kọjá lórí tábìlì, ó fi ìka sí ìlà méjèèjì. Gervase wò ó. Kò tètè yé e. Mo rí i bí ètè rẹ̀ ṣe ń ka oṣù. Nígbà tó yé e, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ ló wálẹ̀. Ó gbé ojú sókè, èmi ló wò. Mo rò pé ìkórìíra ni mo máa rí lójú rẹ̀, ìbẹ̀bẹ̀ ni mo rí.

Ó ka bébà náà pọ̀ wéréwéré.

"Ó tó bẹ́ẹ̀," ló wí. "A kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí da arúgbó láàmú mọ́. Mo fà á padà. Àǹtí Lavinia, ọ̀kan náà ni wá, ilé yín nilé yín. Tapley, kọ ọ́ sílẹ̀ kí oníkálukú lọ jẹun ọ̀sán."

Inú mi dùn. N kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni, inú mi dùn gan-an ni. Fíkà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Tapley ti ń wá kálàmù. Kò ku nǹkan kan ju kí a dìde.

"Fíkà," ni àǹtí mi wí, "orúkọ ta lẹ̀ ń kà tí ẹ fi dákẹ́?"

Fíkà wo Gervase.

"Ann ni, àbí? Ìyàwó tó kọ́kọ́ fẹ́." Ó yí sí mi. "Enid, ìwọ lo ṣàlàyé kàlẹ́ńdà fún mi lánàá, mo sì gbọ́ ọ. Ọjọ́ kẹwàá kò tíì pé kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìgbà wo ni obìnrin yẹn kú?"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Mo bi ọ́ léèrè."

Mo ti purọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn láyé mi, n kò tíì purọ́ fún obìnrin yẹn rí àfi ti àná, mi ò sì sùn. "Ó kú lẹ́yìn tí William ti fẹ́ Sarah," ni mo wí. "Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ ló kú sí."

"O ti mọ̀ nígbà tí mò ń to àwo mi padà?"

"Mo ti mọ̀."

Kò bá mi wí. Bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló sọ ọ́. "Ó wà nílé bàbá rẹ̀. Wọ́n á wá sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti gbé ìyàwó míì wá láti Stafford. Ojoojúmọ́ ló máa ń gbọ́ ọ, títí ó fi kú." Ó wo Fíkà. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ann ni ìyàwó William. Kó wà nínú ìwé ìpàdé yín."

"Àǹtí!" Gervase ti dìde, ó ti yí tábìlì ká. N kò rí i rí láìsí pé ó ń ṣe fọ́nńté. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ rò ó. Ó ti lé ní igba ọdún. Ta ló mọ Ann? Ta ló ń wá a? Tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin jáde, èmi náà jáde. Orúkọ mi ní gbogbo àdúgbò yìí! Àwọn ọmọ mi! Ẹ máa gbé ilé yín, mo bẹ̀ yín. N ó tún òrùlé rẹ̀ ṣe. N ó ṣe iná sí i fún yín kí òtútù ó tó dé."

"Nígbà tó jẹ́ èmi nìkan lò ń lé jáde, Gervase, o ń ka oṣù gẹ́lẹ́gẹ́lẹ́."

"Mo ṣẹ̀ yín. Mo gbà. Ẹ sọ pé ẹ̀jẹ̀ Josiah ni yín, kó tán síbẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni mí. Ìwọ náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ kọ́ nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bí nínú ìgbéyàwó tó bófin mu ló kọ." Ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. "Bí mo bá sùn síbẹ̀ lálẹ́ òní, èmi náà ń bá William purọ́ mọ́ Ann ni."

Mo gbaná jẹ. Mo ní, "Àǹtí, ẹni tó ti kú ni! Kò ní mọ̀! Ẹ̀yin lẹ máa sùn ní Stoke, kì í ṣe Ann!"

"Mo mọ ibi tí mo máa sùn, Enid," ló wí.

Fíkà gba ìwé ìpàdé lọ́wọ́ Tapley, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Gbogbo wa gbọ́ bí kálàmù ṣe ń rìn lórí bébà. Gervase dúró láàárín yàrá, kò mọ ibi tí yóò kọjú sí, nítorí pé kò lè padà sórí àga alága mọ́. Àǹtí mi na ọwọ́, ó fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀.

"Jókòó síbí, ọmọ mi," ló wí fún un. Gervase jókòó tì í, ó bo ojú rẹ̀, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Àǹtí mi ń fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́.

Kí oṣù náà tó parí ni mo kó àwọn àwo náà sí páálí fúnra mi, tí mo sì sìn ín lọ sí Stoke. Kò kábàámọ̀ rárá, ó ní oúnjẹ wọn dùn. Mo ń lọ kí i ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú, mo sì ń bínú sí i ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú. Mo ń bínú sí i títí di òní. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ níwájú mi pé ìwà òmùgọ̀ ló hù, kó yáa wá ibòmíì tí yóò ti mu tíì.